Ẹni tó ní òun ń pè láti ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀kì mọ orúkọ màmá mi tán pátá. Báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀?

Àbíkẹ́_ÒkèÀró:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá mi ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, Android kan tí àbúrò mi rà fún wọn ni wọ́n fi ń pe kọ́sítọ́mà, òun náà ni wọ́n fi ń gbọ́ ìwàásù nínú gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì lórí WhatsApp. Lánàá, ọjà ń lọ gidi, ọkùnrin kan pè wọ́n, Yorùbá tó já gaara ló ń sọ, ó ní "Mámà, ẹ kú ọjà o, ẹ kú àtà," ó wá pe orúkọ wọn tán, orúkọ ilé ọkọ, orúkọ àbísọ, títí kan orúkọ àárín tí èmi gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí. Ó ní láti ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀kì wọn lòun ti ń pè, pé NIN wọn ò bá láìnì wọn mu mọ́, tí wọn ò bá ṣe é kó tó di aago mẹ́rin wọ́n máa já láìnì náà, kò sì ní ṣeé gbà padà mọ́ láé.

Màmá mi ní kí ló dé, ṣebí àwọn ti ṣe NIN tipẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, àmọ́ ìjọba ti yí i padà, kí wọ́n má dààmú ara wọn débi tí wọ́n á fi wá tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì, òun máa bá wọn ṣe é lórí fóònù níbi tí wọ́n jókòó sí. Ó ní kí wọ́n tẹ àwọn nọ́ńbà kan, ọmọ aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló bá wọn tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní mẹ́sẹ́èjì kan máa wọlé, kí wọ́n ka nọ́ńbà inú ẹ̀ fún òun. Ibi tí wọ́n ti ń wá awò ojú ni kọ́sítọ́mà kan dé tó fẹ́ gba kóńgò mẹ́wàá, màmá mi bá ní kó pe àwọn padà tó bá yá, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Wọn ò ka nǹkan kan fún un.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, tí kì í bá ṣe ará ọ́fíìsì, báwo ló ṣe mọ orúkọ wọn báyẹn? Màmá mi ò gbà pé olè ni o, wọ́n ní olè wo ló máa mọ orúkọ tí bàbá àwọn sọ àwọn. Kí ni mo lè sọ fún wọn tí wọ́n á fi máa dá irú ẹ̀ mọ̀, torí mi ò lè máa jókòó tì wọ́n lọ́jà.

Ẹ tún má bínú, nẹ́tíwọ̀kì wọn ò dáa látàná, àwọn kọ́sítọ́mà láti Ìdànrè ń sọ pé àwọn ń pè, ó ń dún, màmá ò gbé e. Màmá ní fóònù àwọn ò dún rárá. Àbí wọ́n ti fẹ́ já láìnì náà lóòótọ́ ni?

Jẹ́jẹ́Layé:

Gbájúẹ̀ ni, kò sí ohun míì. Kí màmá má gbé nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ mọ́, ó tán. Kí wọ́n tún fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, wọn ò ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́.

Àbíkẹ́_ÒkèÀró:

Ẹ ṣé sà. Àmọ́ ọlọ́jà ni wọ́n o. Ẹni tó fẹ́ ra àpò mẹ́ta láti Ọ̀wọ̀, nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ náà ló máa fi pè wọ́n.

Síìmù_NEPA:

Àbíkẹ́, ẹ fi gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ ka èyí.

Ẹ̀bá NEPA níbí ni mo ti ń ṣe síìmù, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ́jísítírésọ̀n lọ́dún 2011 ni mo ti wà nídìí ẹ̀, ìgbà tí èèyàn ń ra síìmù bí ẹní ra súùtì. Ohun tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń dún létí ẹni tó pè, fóònù màmá ò dún. Nẹ́tíwọ̀kì tí ò dáa kì í ṣe báyẹn, ó máa ní ẹni tẹ́ ẹ pè ti pa fóònù ni, tàbí kó kàn dákẹ́. Èyí jọ pé wọ́n ti darí ìpè màmá lọ sórí nọ́ńbà ẹlòmíì.

Ẹ gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn, ẹ tẹ *#21# kẹ́ ẹ tẹ ibi tí wọ́n fi ń pe èèyàn, bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ káàdì wò. Á kọ call forwarding fún yín, á sọ bóyá ó wà tàbí kò sí. Tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà kan tí kì í ṣe tiyín níbẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ ##002#, ìyẹn máa pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ti ìgbà tí láìnì bá bízì, ti ìgbà tí wọn ò bá gbé e, ti ìgbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀kì, gbogbo ẹ̀ pátá.

Ẹ bi ọmọ aláta yẹn bóyá ìràwọ̀ méjì ló fi bẹ̀rẹ̀, tí 21 tẹ̀lé e, ìràwọ̀ kan, nọ́ńbà fóònù gígùn, kó tó wá kan háàṣì. Ẹni tó bá tẹ **21* pẹ̀lú nọ́ńbà kan, ohun tó ń sọ fún nẹ́tíwọ̀kì ni pé ẹnikẹ́ni tó bá pe èmi, ẹ gbé e lọ bá ẹni yìí. Kóòdù náà fúnra ẹ̀ kì í ṣe ti olè o, ó ti wà nínú GSM tipẹ́, àwọn tó ní fóònù méjì máa ń lò ó. Àwọn ọmọ burúkú yìí ló sọ ọ́ di ohun èlò.

Kí ló fẹ́ fi ìpè ẹlẹ́lùbọ́ ṣe? WhatsApp ló ń wá. Mẹ́sẹ́èjì kì í bá ìpè lọ tẹ́ ẹ bá darí ìpè, ìdí tó fi ní kí màmá ka nọ́ńbà inú mẹ́sẹ́èjì fún òun nìyẹn. Tí màmá ò bá wá kà á, ó ṣì ní ọ̀nà kejì, torí WhatsApp lè pe èèyàn kó ka kóòdù sí i létí, ìpè yẹn sì ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Màmá ò mọ̀ rárá. Ẹ yára ṣí WhatsApp wọn wò.

Jẹ́jẹ́Layé, 2442 yẹn dáa, àmọ́ ìpolówó ló ń dá dúró. Olè ò bèèrè lọ́wọ́ 2442 kó tó pè yín.

Ọmọ_Èkìmògún:

Àwọn tó ń pè mí, mo máa ń bá wọn ṣeré ni o. Màá ní "ẹ dúró kí n wá pẹ́ńsù," màá lọ jẹun, màá padà wá bá wọn lórí láìnì. Káàdì wọn ló ń jó, kì í ṣe tèmi 😂

Síìmù_NEPA:

Ẹ rọra o bọ̀dá. Ẹni tó bá gbé e, tó dá wọn lóhùn, ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ṣeé pè padà ni wọ́n máa kọ nọ́ńbà ẹ̀ sí.

Àbíkẹ́_ÒkèÀró:

Ha! Ẹ̀gbọ́n Síìmù, Ọlọ́run á dá yín lóhùn.

Mo sáré lọ sọ́jà. Mo tẹ *#21#, mo sì rí i, nọ́ńbà 091 kan báyìí, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ilé bàbá ẹ̀ ni, màmá ò mọ̀ ọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo yà á ní fọ́tò, mo tẹ ##002#, ó kọ "Erasure was successful". Mo fi fóònù tèmi pè wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó dún lọ́wọ́ wọn! Ọmọ aláta náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ìràwọ̀ méjì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ṣáà ń tẹ ohun tí ọ̀gá náà ń pè, ara ẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Àmọ́ WhatsApp ti lọ o. Tí mo bá ṣí i, ó ń kọ pé wọ́n ti fi nọ́ńbà yìí forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù míì. Wọ́n ti kọ sínú gúrúùpù àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé "ẹ bá mi fi 50k ránṣẹ́, màá dá a padà lálẹ́, àpò mi wà nílé". Màmá mi ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, ohùn wọn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́ níbẹ̀, èèyàn méjì ló fura torí ẹ̀. Ẹnì kan ò fura, ó ti fi owó ránṣẹ́. Kí ni ká ṣe báyìí?

Túnjí_FUTA:

Àǹtí ẹ má bẹ̀rù, WhatsApp yẹn máa padà wá. Ẹ ṣí i lórí fóònù màmá, ẹ tẹ nọ́ńbà wọn sí i bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó fi kóòdù ránṣẹ́ ní mẹ́sẹ́èjì. Nọ́ńbà mẹ́fà ni. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, olè náà ti jáde lójú ẹsẹ̀, torí WhatsApp kì í jókòó sórí fóònù méjì pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo àfi tẹ́ ẹ bá so ìkejì mọ́ ọn. Ó lè tún bèèrè PIN kan tẹ́ ẹ ò mọ̀. Tó bá bèèrè, olè yẹn ló ti fi two-step verification síbẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa wọlé, ẹ máa dúró fún ọjọ́ 7 kẹ́ ẹ tó lè wọlé láìsí PIN yẹn. Àmọ́ nínú ọjọ́ 7 yẹn òun náà ò sí níbẹ̀ mọ́, kò lè kọ nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni. Èèyàn ò mọ èyí, wọ́n á rí PIN yẹn wọ́n á rò pé ó ti parí, wọ́n á fi sílẹ̀ láìtẹ kóòdù mẹ́sẹ́èjì, olè á wá máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ lọ sí Linked devices, ẹ yọ ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ tí kì í ṣe tiyín, kẹ́ ẹ wá fi two-step tiyín sí i, ẹ má lo 1234 o, ẹ má lo ọdún tí wọ́n bí màmá náà.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ ọ́ sínú gúrúùpù yẹn pé kì í ṣe màmá ló ń bèèrè owó, kí ádímíìnì yọ nọ́ńbà wọn kúrò ná. Ẹ má tijú.

Ìyá_Bọ́lá_Ìjàpọ̀:

Báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ yẹn, kó má dúró gbọ́ àlàyé, kó pe báǹkì ẹ̀ nísinsìnyí, kì í ṣe lọ́la, kó sọ iye owó, aago tó fi ránṣẹ́, orúkọ àti nọ́ńbà àkántì tó gbà á. Báǹkì ẹ̀ ló máa kàn sí báǹkì tó gba owó náà kí wọ́n bá a dè é síbẹ̀. Tí owó bá ṣì wà nínú àkántì yẹn, ìrètí wà. Àwọn ọmọ yìí kì í jẹ́ kó sùn níbẹ̀, wọ́n máa ń pín in káàkiri kíá tàbí kí wọ́n lọ gbà á lọ́wọ́ oní POS, ìdí tí mo fi ní kó pè báyìí nìyẹn. Ẹjọ́ ọlọ́pàá náà dáa, jìbìtì orí ẹ̀rọ wà nínú òfin Cybercrimes Act ti 2015, àmọ́ kó kọ́kọ́ pe báǹkì.

Ẹ bi màmá náà dáadáa, ṣé ó bèèrè PIN báǹkì, ṣé ó bèèrè nọ́ńbà iwájú káàdì ATM, ṣé ó ní kí wọ́n tẹ kóòdù tí wọ́n fi ń gba owó láti báǹkì lórí fóònù. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ mú wọn wá sí báǹkì wọn lọ́wúrọ̀ ọ̀la kùtùkùtù, àní kẹ́ ẹ pe báǹkì náà lálẹ́ yìí.

Àbíkẹ́_ÒkèÀró:

Ó ti pe báǹkì ẹ̀ mà, wọ́n ti gba kọ̀mpléènì, wọ́n ní kó máa retí àwọn. Màmá ní kò bèèrè PIN báǹkì o, ti NIN ṣáà ni. Ẹ ṣé gan-an.

Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ti orúkọ yẹn o. Màmá ṣì ń sọ ọ́ láàárín ọjà pé ẹni náà mọ òun.

Bàbá_Tíṣà_Oǹdó:

Ọmọ mi, jẹ́ kí èmi sọ ti orúkọ fún ẹ, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi wá a rí.

Ṣí app báǹkì rẹ bí ẹni fẹ́ fi owó ránṣẹ́, yan OPay tàbí PalmPay, wá tẹ nọ́ńbà fóònù màmá rẹ síbẹ̀, àmọ́ mú òdo àkọ́kọ́ kúrò. Tí màmá bá ní àkántì níbẹ̀, orúkọ wọn á jáde ní tààrà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, torí nọ́ńbà fóònù yẹn náà ni nọ́ńbà àkántì. Ohun rere ni wọ́n fi ṣe o, kí èèyàn má bàa fi owó ránṣẹ́ sí ẹni ẹlẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó sínú yàrá ẹ̀ pẹ̀lú ìwé nọ́ńbà lè fi ọ̀sán kan mọ orúkọ gbogbo ọlọ́jà tó wà ní Ọjà Ọba, kò ná kọ́bọ̀ kan, ó ṣáà máa dúró kó tó tẹ ibi tí owó ti ń lọ. Truecaller náà ń ṣe irú ẹ̀. Ká má tíì wá sọ ìwé NIN tá à ń fọ́tókópì káàkiri, tí èyí tí ò mọ́ tó á wà nínú garawa pàǹtí níwájú ṣọ́ọ̀bù, orúkọ àárín, ọjọ́ ìbí, gbogbo ẹ̀ ló wà lára ẹ̀.

Nítorí náà tí màmá bá ní "ó mọ orúkọ mi", má bá wọn jiyàn, àwa àgbà ò fẹ́ràn kí ọmọ ẹni sọ pé wọ́n ti fi wá ṣe gọ̀. Ṣe é lójú wọn. Jẹ́ kí wọ́n rí i pé ìwọ náà lè pe orúkọ ìyá aláta jáde láìbi í. Mo ṣe é fún ìyàwó mi nílé níbí, ní Yábà ní Oǹdó, mo fi nọ́ńbà pásítọ̀ wa ṣe é. Orúkọ tí pásítọ̀ fi pamọ́ fún wa látọjọ́ yìí jáde 😄 ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí, kò sì gbàgbé mọ́.

Ohun tí mo wá ń kọ́ gbogbo ará ilé mi ò ju ẹyọ kan lọ, torí tó bá ti di mẹ́wàá wọn ò ní rántí ọ̀kankan nígbà tí fóònù bá ń dún. Mo ní ọ́fíìsì tó ni láìnì ò nílò kóòdù kankan látọ̀dọ̀ yín lórí fóònù kó tó ṣiṣẹ́ lórí láìnì tiẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ mọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà iwájú ẹ̀. Nọ́ńbà tó bá wọ fóònù yín nínú mẹ́sẹ́èjì, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí kẹ́ ẹ fi hàn pé ẹ̀yin ni ẹ̀yin. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún un, ẹ̀yin ló fẹ́ dà. Lánlọ́ọ̀dù wo ló máa dúró síta láago méjìlá òru, tó máa ní kẹ́ ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sí òun lójú fèrèsé? Bó sọ Òyìnbó, bó sọ Yorùbá, bó mọ orúkọ ìyá yín àgbà, kò kàn wá.

Ti ìbẹ̀rù nìkan ló le. Ẹ rántí òpin July 2024 tí wọ́n ṣàdédé já láìnì ọ̀pọ̀ èèyàn nítorí NIN, tí èrò kún iwájú ọ́fíìsì gbogbo nẹ́tíwọ̀kì, tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọ̀kì, wá ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀ ná, kó tó di pé wọ́n fi 14 September 2024 ṣe gbèdéke. Èmi náà jókòó sínú oòrùn lọ́jọ́ kan nígbà yẹn, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí. Ẹni tó bá wá pè mí lónìí pé "ẹ ò ní wá tò, a máa ṣe é lórí fóònù," ó ti mọ ibi tó ń dùn mí kó tó fọwọ́ kàn án. Ìdí ẹ̀ tí mi ò fi ń bá àwọn tó bọ́ sí i wí nìyẹn.

Jẹ́jẹ́Layé:

Bàbá ẹ kú àlàyé, mo gba ti yín. Àmọ́ èmi mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ mẹ́sẹ́èjì, tó bá jẹ́ orúkọ nẹ́tíwọ̀kì ló wà lókè ẹ̀ tí kì í ṣe nọ́ńbà fóònù ẹlẹ́yọ 11, ti gidi ni.

Túnjí_FUTA:

Rárá o ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ tí á gbé orúkọ tó wù wọ́n, ó tiẹ̀ lè bọ́ sábẹ́ àwọn mẹ́sẹ́èjì gidi tẹ́ ẹ ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà 11 tó bá ní òun ni kọ́sítọ́mà kéà, ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni. Àmọ́ pé orúkọ wà lókè ò túmọ̀ sí pé òótọ́ ni. Ẹ wo ohun tó ní kẹ́ ẹ ṣe: tí líǹkì bá wà níbẹ̀ tó ní kẹ́ ẹ wá kọ NIN tàbí BVN yín sí, ẹ jìnnà sí i.

Síìmù_NEPA:

Ohun tí mo máa ń sọ fún kọ́sítọ́mà mi ni pé kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kí àwọn fúnra wọn wá pe 300. Láti 2023 ni NCC ti sọ gbogbo nẹ́tíwọ̀kì di ọ̀kan náà lórí àwọn kóòdù yìí, ẹ ò ní máa há ti MTN lọ́tọ̀, ti Airtel lọ́tọ̀, ti Glo lọ́tọ̀, ti 9mobile tó ti di T2 lọ́tọ̀. 300 ni kọ́sítọ́mà kéà. *310# lẹ fi ń yẹ káàdì wò, *312# lẹ fi ń ra dátà. Àbíkẹ́, ẹ tẹ *996# lórí fóònù màmá lójú wọn, á sọ bóyá NIN wọn wà lórí láìnì náà. Kí wọ́n fojú ara wọn rí i, ìyẹn ju ìwàásù lọ.

Àti *321. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn gan-an. Òun ni wọ́n fi ń pín káàdì fún ẹlòmíì. Àwọn kan máa pè yín pé ẹ jẹ promo, pé bónọ́ọ̀sì ń bọ̀, kẹ́ ẹ tẹ kóòdù kan kó lè wọlé. Tẹ́ ẹ bá ti rí 321 nínú kóòdù náà, káàdì ń jáde ni, kò sí ohun tó ń wọlé. Obìnrin kan wá bá mi níbí tó ní nẹ́tíwọ̀kì ń jẹ káàdì òun, a jọ wo hísítìrì ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ti ń fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní "kò wọlé mà, ẹ tún un tẹ̀". Èyí tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn fẹ́ sọ síìmù yín di 5G náà nìyẹn, orúkọ nìkan ló ń yàtọ̀. Síìmù tó bá fẹ́ àyípadà, ẹ gbé e wá sí ọ́fíìsì tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fún láṣẹ, pẹ̀lú ara yín, pẹ̀lú NIN yín, ẹ máa tẹ̀ka.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà gígùn tó wà lẹ́yìn síìmù fún àwọn, ẹ má kà á o.

Ìyá_Bọ́lá_Ìjàpọ̀:

Mo fẹ́ fi kan kún ti Bọ̀dá Síìmù. Tí fóònù yín bá ṣàdédé kọ "no service" tí ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sì ń ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà, ẹ má kàn máa pa á, máa tàn án. Ẹnì kan lè ti gba síìmù yín jáde níbòmíì. Ẹ yá fóònù ẹlòmíì kẹ́ ẹ pe báǹkì kí wọ́n ti àkántì pa ná, kẹ́ ẹ tó lọ bá nẹ́tíwọ̀kì. Nítorí ẹni tí láìnì yẹn bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ni gbogbo OTP, ìyẹn kóòdù tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ ní mẹ́sẹ́èjì, ń lọ bá.

Ẹ sì fi PIN sí síìmù yín, kì í ṣe fóònù nìkan. Tí olè bá já fóònù gbà ní Adéṣidà, yóò yọ síìmù ẹ̀ sínú fóònù tiẹ̀ ni, páàsìwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi sí fóònù ò ní dí i lọ́wọ́.

Síìmù_NEPA:

Òótọ́ ni mà, àmọ́ ẹ rántí PIN náà o! Tẹ́ ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta á ti ara ẹ̀, á máa bèèrè PUK, nọ́ńbà 8 ni, ara páálí tí síìmù wà nígbà tẹ́ ẹ rà á ló wà, tàbí kẹ́ ẹ bèèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà kéà. Ẹ má máa méfò PUK, ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá síìmù yẹn ti kú nìyẹn. Wọ́n máa ń gbé irú wọn wá bá mi pé kí n bá àwọn jí i.

Àbíkẹ́_ÒkèÀró:

Olè ti jáde nínú WhatsApp màmá o! Ó bèèrè PIN lóòótọ́ bí Túnjí ṣe wí, a ń ka ọjọ́ 7 yẹn lọ ká tó lè wọlé. Mo pe 300, mo fún wọn ní nọ́ńbà 091 yẹn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tẹ *996# lójú màmá, ó ní NIN wà lórí ẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀. Bàbá Tíṣà, mo ṣe ti orúkọ yẹn fún wọn, ti ìyá aláta jáde bó ṣe rí, ìyá aláta ní àṣé ìhòhò la wà lọ́jà yìí.

Ẹ má bínú, ìbéèrè kan ṣì kù. Láìnì bàbá mi àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe BVN wọn, láìnì yẹn ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tipẹ́, wọn kì í lò ó. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Síìmù_NEPA:

Ó wà o. Láìnì tí wọn ò bá fi pe èèyàn, tí wọn ò fi tẹ mẹ́sẹ́èjì, tí wọn ò lo dátà lórí ẹ̀ fún ọjọ́ 180, nẹ́tíwọ̀kì lè pa á. Tó bá tún pẹ́ sí i, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíì, onítọ̀hún á wá máa gba mẹ́sẹ́èjì báǹkì bàbá láìjẹ́ pé ó jalè. Ẹ fi síìmù náà sínú fóònù lónìí. Tó bá ṣì ń mú nẹ́tíwọ̀kì, ẹ ra káàdì sí i, ẹ fi pe èèyàn, kẹ́ ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù. Tí kò bá mú nẹ́tíwọ̀kì mọ́, kí bàbá lọ sí báǹkì fúnra wọn kí wọ́n bá wọn fi nọ́ńbà tí wọ́n ń lò báyìí rọ́pò ẹ̀ lórí BVN àti lórí àkántì, kí wọ́n mú NIN dání. Tí síìmù ọ̀hún bá ti tóbi ju ojú ihò fóònù tuntun lọ, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e nílé, ẹ gbé e wá bá mi, mo ní ohun tí wọ́n fi ń gé e.